Ṣé Kí N San Owó Ìdójútòfò Lórí Ajá Mi? Ìdáhùn sí Bàbá Kan ní Akobo

Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ń gbé ní Akobo ní ìlú Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé sí èmi dókítà ẹranko ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ajá méjì ni bàbá náà ń sìn: Jáàkì, akọ ajá ìbílẹ̀ tí ó ti pé ọmọ ọdún 9, àti Tanímọ̀la, abo Alsatian tí kò tíì ju ọmọ ọdún 2 lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Manchester máa ń san owó ìdójútòfò, tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìnṣọ́ránsì, lóṣooṣù lórí ológbò rẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ ta bàbá rẹ̀ lólobó pé kí ó wá irú rẹ̀ fún àwọn ajá yìí. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé àdéhùn wá bá a nílé: 7,500 náírà lórí ajá kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ìbéèrè bàbá kò gùn rárá: ṣé ó yẹ kí òun máa yọ owó yìí nínú owó ìfẹ̀yìntì òun, àbí owó tí òun fẹ́ jù sómi ni?

Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn o. Mo ka ìwé àdéhùn tí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ìdáhùn ìbéèrè yín kò sí lójú ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n ya àwòrán ajá sí. Ojú ewé kẹta tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fàbọ̀ sí kí n tó ṣàlàyé. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lórí Jáàkì. Ní ti Tanímọ̀la, ohun kan ni yóò sọ bóyá kí ẹ san án tàbí kí ẹ má san án, ohun náà sì ni bóyá ilé ìwòsàn ẹranko tí ẹ ń lò yóò gba owó rẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ ìwé náà, tàbí ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ san gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó wá dá díẹ̀ padà fún yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ka owó ìdójútòfò sí owó tí wọ́n fi pamọ́ sí ibì kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ, tí oṣù bá ti parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, yóò sì ka ìyókù lé yín lọ́wọ́, yálà àìsàn ṣe yín tàbí kò ṣe yín. Owó ìdójútòfò kì í padà wá bẹ́ẹ̀. Owó tí gbogbo ènìyàn dá jọ ni wọ́n fi ń ran ẹni tí òfò ṣe lọ́wọ́. Ẹni tí òfò kò ṣe ti fi owó tirẹ̀ ra ìfọ̀kànbalẹ̀, ìyẹn ni ohun tí ó rà. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ bí ènìyàn bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó san owó. Nítorí náà, a kì í ra ìdójútòfò nítorí ohun tí a mọ̀ pé yóò dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò dé lọ́dọọdún, oògùn aràn yóò dé, eégbọn kò sì ní ṣàì dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ bóyá yóò dé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ó bá dé, apá wa kò ní ká a, òun ni ìdójútòfò wà fún. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ajá yín ní Tanímọ̀la ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ọ́.

Ẹ má ṣe fi Manchester wọn Ìbàdàn. Ẹranko tí ń mú owó wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdójútòfò fún láyé. Sweden ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1890, lórí ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn àwọn àgbẹ̀. Ó di ọdún 1924 kí wọ́n tó ṣe é fún ajá níbẹ̀. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1947, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, níbi tí ó ti jẹ́ pé ajá kan tí ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé fún. Ohun tí ó mú kí ó fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni pé owó ìwòsàn ẹranko níbẹ̀ kò ní ibi tí ó mọ. Bí ajá bá ní jẹjẹrẹ, wọ́n lè fi oṣù púpọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bí egungun ìbàdí rẹ̀ bá jẹ, wọ́n lè fi irin rọ́pò rẹ̀. Bí gìrì bá ń gbé e, wọ́n lè tì í bọnú ẹ̀rọ ńlá tí ń ya àwòrán ọpọlọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè gba iye owó tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi ń san án, mo sì gbà pé ọgbọ́n ni ó ṣe.

Níhìn-ín ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Mókọ́lá, àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni láàárín ìlú, ohun tí a sábà ń ṣe fún ajá ni kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí á ya àwòrán egungun tàbí ti inú rẹ̀, kí á fa omi àti oògùn sí i lára, kí á fún un ní ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, kí á sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo rẹ̀, owó gidi sì ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n owó náà ní ibi tí ó mọ. Ìdójútòfò tí ó ń gbani lọ́wọ́ owó tí kò lópin kò ní iṣẹ́ kan náà níbi tí owó ti ní òpin. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe tìtorí pé ọmọ yín ń san án kí ẹ̀yin náà san án; ẹ jẹ́ kí á wo iye tí ó wà nínú ìwé tiyín.

Ìwé náà sọ pé 7,500 náírà lóṣù, èyí tí ó jẹ́ 90,000 lọ́dún lórí ajá kan, àti 180,000 lórí àwọn méjèèjì. Ó ní bí àìsàn bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò fi 20,000 àkọ́kọ́ sílẹ̀, lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nínú ohun tí ó bá ṣẹ́kù, wọn yóò san ìdá 80 nínú 100, ẹ̀yin yóò sì san ìdá 20. Gbogbo ohun tí wọ́n lè san lórí ajá kan láàárín ọdún kan kò sì gbọdọ̀ ju 300,000 lọ. Ẹ gbé bírò, kí á jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí Tanímọ̀la bá ṣe àìsàn tí owó rẹ̀ jẹ́ 45,000, ẹ yọ 20,000, ó ku 25,000. Ìdá 80 nínú rẹ̀ jẹ́ 20,000. Ìyẹn ni wọn yóò fún yín. Bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ẹ ti ná 135,000, ẹ ó gba 60,000, ẹ sì ti san 90,000 fún wọn kí ẹ tó gbà á. Ẹ ti fi 30,000 sílẹ̀ fún wọn láìjẹ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ abẹ ńlá kan bá dé tí owó rẹ̀ jẹ́ 260,000, ìṣirò náà yí padà. Ẹ yọ 20,000, ó ku 240,000, wọn yóò sì san 192,000 nínú rẹ̀. Ohun tí yóò jáde lápò yín jẹ́ 68,000, pẹ̀lú 90,000 tí ẹ ti san láàárín ọdún, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 158,000. Ìwé náà ti gba 102,000 sílẹ̀ fún yín lọ́dún náà. Mo wá ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, mo rí i pé ó jẹ́ 132,500: àìsàn kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ kò bá tó iye yìí nínú ọdún kan, ẹ̀yin ni ẹ pàdánù, èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni ẹ jèrè. Nínú àwọn ajá ọ̀dọ́ tí mo ń tọ́jú, tí àjẹsára wọn pé, tí olówó wọn kò sì gba eégbọn láyè lára wọn, ọdún tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà kò wọ́pọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ ṣá, n kò ní purọ́ fún yín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé ojú ewé kẹta. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó sọ pé olówó ajá, ìyẹn ẹni tí ó ni ajá, “yóò san owó ilé ìwòsàn ní kíkún, yóò sì mú ojúlówó rìsíìtì wá láàárín ọjọ́ 7, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dá owó padà.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ajá ńlá kan tí a ń pè ní Rottweiler wá bá mi láti apá Olúyọ̀lé. Ikùn rẹ̀ wú, ó le gbandi. Mo fi ìka ta á, ó dún bí ìgbà tí a bá fi ìka ta awọ ìlù. Ajá náà ń gbìyànjú láti bì, itọ́ funfun tí ó ń hó ni ó ń jáde, kò sí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Àpò oúnjẹ rẹ̀ ni ó ti yí po sínú, tí afẹ́fẹ́ kún un, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà mọ́. Ajá tí àyà rẹ̀ bá jìn ni èyí sábà máa ń ṣe, Alsatian náà sì wà lára wọn. Bí a kò bá ṣí inú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, yóò kú. Ọkùnrin tí ó ni ín sáré lọ sínú ọkọ̀, ó sì mú ìwé ìdójútòfò ajá náà jáde nínú fáìlì tí ó tẹ́ dáadáa, ó nà án sí mi tayọ̀tayọ̀. Mo kà á lábẹ́ iná. Ìlà tí mo kà nínú ìwé yín yìí gan-an ni ó wà níbẹ̀.

Oògùn tí a fi ń kun ajá lóorun, omi tí a ń fà sí i lára, òwú tí a fi ń rán an, owó ẹni tí yóò dúró tì í di òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ènìyàn lórí fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ bí ó ti ń pè wọ́n. Ẹni tí ó yọ ọ́ ni alájọ rẹ̀, obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Gbági, tí ó fi owó ránṣẹ́ nígbà tí agogo 11 ti kọjá. A ṣí inú ajá náà, a yí àpò oúnjẹ rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, a sì fi òwú dè é mọ́ ìhà kí ó má baà tún yí mọ́. Ó yè. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà kò kọ̀ láti san owó. Wọ́n san án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tí àdéhùn sọ pé kí wọ́n yọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìdójútòfò ní ìbéèrè kan: bí ó bá di agogo 10 alẹ́ Sátidé, ta ni yóò fi owó sílẹ̀?

Bàbá, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ara ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ̀ yín létí ni pé ẹ kò lè mú 200,000 jáde lójijì, nítorí pé ilé tí ẹ parí ní èṣí ti gbé owó yín lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ san gbogbo owó, ìwé náà kò yanjú ìṣòro tí ẹ tìtorí rẹ̀ fẹ́ rà á. Ẹni tí ó ní owó nílẹ̀, tí ó kàn fẹ́ kí díẹ̀ padà sọ́wọ́ òun, ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá mu. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn yín bá wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin yóò san ìpín tiyín nìkan, tí wọn yóò sì béèrè ìyókù lọ́wọ́ ara wọn, n óò ní kí ẹ san án lórí Tanímọ̀la fún ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ẹ bá ń kó owó tiyín jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí èyí. Ẹ lọ bá dókítà yín, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé òun gbà.

Ìlà kejì tí ó tún kàn mí lára ni èyí tí ó sọ pé wọn kò ní san owó lórí àìsàn tí àmì rẹ̀ ti hàn kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀, tàbí láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, àti pé àìsàn tí eégbọn bá fà kò sí nínú rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá lè fi ìwé hàn pé lóṣooṣù ni ẹ ń lo oògùn eégbọn. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tuntun; káàkiri ayé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọn kò bá ṣe é, ènìyàn yóò máa dúró títí ajá yóò fi dùbúlẹ̀ kí ó tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ti eégbọn ni ó nira fún wa ní Ìbàdàn. Ẹ sọ pé ní oṣù keje èṣí, Tanímọ̀la kò jẹun fún ọjọ́ 3, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú bí kọfí, nígbà tí ẹ sì gbé ètè rẹ̀ sókè, erìgì rẹ̀ funfun bí òwú. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní Babesia ni ó sábà máa ń ṣe báyìí: eégbọn ni ó ń gbé e wọ ara ajá, ó ń wọnú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó ń fọ́ ọ, àfọ́kù rẹ̀ ni ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Nínú àìsàn tí ó lè pa ajá àgbà ní ìlú yìí, díẹ̀ ni mo ń rí tó o. Ìwé tí ó bá yọ ọ́ kúrò ti yọ ohun tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó tún ṣe ajá yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kedere bóyá àìsàn èṣí yẹn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ Tanímọ̀la lórí Babesia títí láé, tàbí bóyá ó lè wọlé padà bí ó bá ti lo iye oṣù kan láìṣàìsàn. Àwọn àdéhùn kan máa ń fàyè gba àìsàn tí ó ti san pátápátá, àwọn mìíràn kì í gbà á rárá. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú gbogbo páálí oògùn eégbọn àti rìsíìtì rẹ̀ láti òní lọ. Ìwé ìwòsàn tí kò pé ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń dì mú bí wọn kò bá fẹ́ sanwó, ọwọ́ olówó ajá sì ni ìwé ìwòsàn wà, kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Jáàkì kò gba wàhálà. Ojú ewé kẹta kan náà ni ó sọ pé ajá tí ó bá ti ju ọdún 8 lọ, ìjàm̀bá nìkan ni wọ́n ń san owó lórí rẹ̀: bí ọkọ̀ bá gbá a, bí ó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, bí ejò bá bù ú ṣán. Síbẹ̀, 7,500 kan náà ni wọ́n ń gbà. Ohun tí ó ń ṣe ajá àgbàlagbà ni kíndìnrín, eyín, ọkàn àti kókó ara, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Jáàkì tí ẹ ní kì í jáde kọjá gééètì mọ́ kò ní ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbá a. Ẹ mú ìdajì owó yẹn, kí ẹ fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti eyín lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ìwòsàn ajá lọ. Bí Tanímọ̀la bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ta ni yóò gbé owó ìtọ́jú ọmọ náà? Lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìdójútòfò ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ni ìpalára tí ajá bá ṣe fún ẹlòmíràn. Mo wá a nínú ìwé yín, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ajá ni ó ń fa tó 99 nínú 100 èyí tí ń mú ènìyàn. Ẹni tí ajá bá bù jẹ yóò fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì gba abẹ́rẹ́ léraléra, olówó ajá ni gbogbo ojú yóò sì máa wò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá lè fi èyí kún àdéhùn láìfi owó púpọ̀ kún un, ìwé rẹ̀ yóò níyì lójú mi ju bí ó ti wà yìí lọ.

Ẹ tún wádìí irú ilé-iṣẹ́ tí ó kọ ìwé náà. Orúkọ tí mo rí lórí rẹ̀ kò fi hàn bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni tàbí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn tí ń gba owó oṣù kí wọ́n lè dín owó kù fún oníbàárà wọn. Èkejì yìí kì í ṣe ohun búburú, ó tilẹ̀ lè ṣe yín láǹfààní ju ti àkọ́kọ́ lọ bí ó bá kó àjẹsára àti oògùn aràn pọ̀, ṣùgbọ́n òfin tí ó de àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó wọn. Ibẹ̀ ni ẹ lè gbé ẹ̀sùn lọ bí wọ́n bá kọ̀ láti san ẹ̀tọ́ yín. Bákan náà, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú ìlànà pé ẹni tí kò bá tíì san owó kò ní ìdójútòfò. Fún ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí owó náà lè pẹ́ kí ó tó wọlé, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí oṣù kan bá fò yín: ṣé ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 30 láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé NAIC, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, yóò gba ajá yín wọlé. Màlúù, adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn àwọn àgbẹ̀ ni tiwọn.

Bí ilé ìwòsàn yín kò bá gba owó lọ́wọ́ wọn tààrà, ohun tí n óò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín nìyí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí owó yẹn yóò ṣe ni pé yóò ra ohun tí ń lé àìsàn sẹ́yìn: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, abẹ́rẹ́ parvo, àìsàn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń pa ajá, àti ti àwọn àìsàn yòókù ní àkókò tí dókítà bá dá, oògùn aràn, àti oògùn eégbọn lóṣooṣù láìfo oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù, kò sì sí ibi tí mo ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó lára ajá.

Lẹ́yìn náà, bí ẹ kò bá fẹ́ kí Tanímọ̀la bímọ, ẹ jẹ́ kí á yọ ilé ọmọ rẹ̀ nísinsìnyí tí ara rẹ̀ le. Abo ajá tí a kò bá ṣe é fún, tí ọjọ́ orí sì ń gorí ọjọ́ orí, ni ilé ọmọ rẹ̀ máa ń kún fún ọyún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ó bá ti wá akọ. Yóò máa mu omi ní àmujù, yóò sì rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣubú. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni a óò ṣe fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n lórí ajá tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ní iye owó tí ó ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ kejì ni pé kí ẹ máa kó 7,500 lóṣù jọ ní orúkọ Tanímọ̀la nìkan. Láàárín oṣù 40, yóò ti di 300,000, èyí tí ó jẹ́ gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí láti san láàárín ọdún kan, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ yín, bí ajá náà bá sì wà láìṣàìsàn, tiyín ni owó náà. Mo mọ̀ pé ìṣòro rẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí owó kò tíì pọ̀, nítorí pé àìsàn kì í dúró de kóló kí ó kún. Nítorí èyí, ẹ bá ọmọ yín ní Manchester sọ ọ́, kí ó gbà láti fi ohun tí ó bá kù ránṣẹ́ bí wàhálà bá dé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́. Lẹ́tà yín fi hàn pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ajá yìí jẹ lọ́kàn jù. Ẹ má sì fi owó náà sínú kóló lásán. Ọ̀pọ̀ àjẹsára àti oògùn tí a ń lò ni ó ń ti òkè òkun wá, bí náírà bá rọ̀ ni owó wọn ń gòkè, 7,500 ti ọdún yìí kò sì ní ní agbára kan náà ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ fi í sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ wà, bí wọ́n bá gbà kí ẹ lè yọ ọ́ ní ọjọ́ tí ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹ má ṣe lé e. Ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí ìwé, kí ó lọ mú èsì rẹ̀ wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀: ilé ìwòsàn wo ní Akobo tàbí nítòsí rẹ̀ ni yóò gba owó tààrà lọ́wọ́ wọn, ibo ni Babesia èṣí fi Tanímọ̀la sí, àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn lọ́dọ̀ NAICOM. Bí ó bá mú wọn wá tí wọ́n sì dára, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, n óò tún un kà.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ gbé Jáàkì lọ gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín fi hàn pé ti dìgbòlugi rẹ̀ ti fi oṣù 4 kọjá àkókò tí ó yẹ kí ó tún gbà á.